Àga Obìnrin nínú Ìgbìmọ̀: Láti Ìlédì Òṣùgbó dé Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni ìdọ́gba takọtabo nínú àwọn àjọ tí ó ń tọ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òyìnbó ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá fún wa. Èrò tèmi yàtọ̀. Àga obìnrin wà nínú ìgbìmọ̀ wa kí òyìnbó tó dé. Ìjọba òyìnbó ni ó gbé e kúrò. Nígbà tí Áfíríkà sì tún gbé e padà, àléébù kan tí ó ti wà lára rẹ̀ láti ilẹ̀ tún bá a padà wá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní Ìbíadé, ní agbègbè etí omi Ìjẹ̀bú, ọkùnrin ni ó sábà máa ń da àwọ̀n sómi, ṣùgbọ́n obìnrin ni ó ń yan ẹja, tí ó ń gbé e dé ọjà, tí ó sì ń dá iye lé e. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn ìyá wọ̀nyí, bí mo ti ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, yóò rí i pé ìjọba ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: wọ́n ń parí ìjà, wọ́n ń dá èésú, wọ́n ń bá ẹni tí ó ṣe màgòmágó wí. Láyé àtijọ́, agbára yìí kò parí sí ọjà. Nínú Òṣùgbó Ìjẹ̀bú, níbi tí Olúwo àti Apènà ti ń jókòó, Ẹrẹlú náà ń jókòó. Ẹ wo èdan tí í ṣe àmì awo náà: ère ọkùnrin àti ère obìnrin ni, ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo ni a sì fi so wọ́n pọ̀. Àwọn tí ó rọ idẹ yẹn mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ní Ẹ̀gbá àti ní Ìbàdàn, Ìyálóde ni ó di ipò yìí mú. Ní 1864 ni Tinúubú di Ìyálóde Ẹ̀gbá, lẹ́yìn ipa tí ó kó nínú ogun Dàhómì. Ní Ìbàdàn, Ẹfúnṣetán Aníwúrà a máa fún àwọn olórí ogun ní ohun ìjà láwìn. Àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ mọ̀ ọ́n jù lọ gẹ́gẹ́ bí òǹrorò inú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí a tẹ̀ jáde ní 1970. Ṣùgbọ́n ìtàn ní ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Ní 1874, Ààrẹ Látòósà fi ẹ̀sùn kàn án pé kò ran òun lọ́wọ́ lójú ogun. Ó rọ̀ ọ́ lóyè, a sì pa á lọ́dún kan náà. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí nìyí: òun nìkan ni obìnrin láàárín àwọn ìjòyè ọkùnrin. Àga kan ṣoṣo kò ṣòro láti dojú rẹ̀ dé.

Ní 1892 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Nígbà tí wọ́n ń to ìjọba tiwọn, ọba àti ìjòyè ọkùnrin ni wọ́n bá ṣe àdéhùn. Wọn kò wá Ẹrẹlú kàn. Ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta, wọ́n mọ obìnrin nígbà tí owó orí dé, wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ ọmọbìnrin ọdún 15. Ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú ta ko ìyà yìí títí Ọba Adémọ́lá Kejì fi fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949, kí ó tó padà ní 1950. Ohun tí wọ́n ń béèrè kọjá owó orí: wọ́n fẹ́ àga nínú ìgbìmọ̀ tí ń bù ú.

Nígbà tí a dá Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Addis Ababa ní 1963, kò sí obìnrin kan láàárín àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ó fi ọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Bákan náà ni ó rí ní Èkó ní 1975, nígbà tí a dá ECOWAS sílẹ̀. Ìyípadà dé pẹ̀lú àjọ tuntun. Òfin tí a fi ọwọ́ sí ní Lomé ní 2000 fi ìdọ́gba takọtabo ṣe ọ̀kan nínú ìlànà àjọ náà. Nínú 10 aláṣẹ Kọmíṣọ́nnù rẹ̀ tí a yàn ní 2003, 5 jẹ́ obìnrin. Lọ́dún náà ni a tẹ́wọ́ gba Àdéhùn Maputo lórí ẹ̀tọ́ obìnrin. Ní 2004, Gertrude Mongella ti Tansaníà di ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ilé Aṣòfin Áfíríkà. Ní 2012, a yan Nkosazana Dlamini-Zuma ṣe olórí Kọmíṣọ́nnù. Ní 2016, Ellen Johnson Sirleaf di alága ECOWAS.

Àléébù ọjọ́sí ń kọ́? Ìlànà Ilé Aṣòfin Áfíríkà ni pé nínú aṣojú 5 tí orílẹ̀-èdè kan bá rán, ó kéré tán, 1 gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin. Ìwọ̀nba tó kéré jù ni òfin sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò sọ ọ́ di òpin. Àga Ẹfúnṣetán nìyẹn. Nàìjíríà wọ Àdéhùn Maputo ní 2004, ṣùgbọ́n òfin wa ti 1999 sọ pé àdéhùn kò di òfin nílé títí àwọn aṣòfin yóò fi sọ ọ́ di òfin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2022, àwọn aṣòfin kan náà kọ àbá tí ó fẹ́ ya àga sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin.

Síbẹ̀, kí a má ṣe sọ pé asán ni. Àwọn obìnrin kan tí àwọn agbófinró kó lójú pópó Abuja lóru, tí wọ́n pè ní aṣẹ́wó, gbé ẹjọ́ wọn lọ sí Kóòtù ECOWAS. Ní 2017, kóòtù náà dá Nàìjíríà lẹ́bi, ó sì fi Àdéhùn Maputo gbe ìdájọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìwé tí a kọ ní ọ̀nà jíjìn di apata fún obìnrin tí ó ń rìn lọ jẹ́jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, iye àti agbára ni kí a máa béèrè pa pọ̀. Obìnrin kan láàárín ọkùnrin mẹ́rin, àlejò ni. Bí wọ́n bá pọ̀ tó láti gba ara wọn sílẹ̀, wọ́n di onílé. Ìyá ẹlẹ́ja Ìbíadé kì í dá ọjà ná, kò sì yẹ kí aṣojú rẹ̀ dá nìkan jókòó ní ìgbìmọ̀. Àwọn baba àti ìyá wa kò rọ èdan ní ère kan ṣoṣo.