Bí àwọn ìyá wa ṣe ń yàwòrán lójoojúmọ́ láàárín ọmọ, oúnjẹ àti ọjà 🧵

1. Àwọn kan máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá fẹ́ máa yàwòrán lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ ní yàrá tirẹ̀, kó ní tábìlì ńlá, kó sì ní wákàtí mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò ní pè é. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo làwọn ìyá ìyá wa ṣe ṣe tiwọn? Ẹ fara balẹ̀ jókòó. Ìtàn àdìrẹ ni mo fẹ́ sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ nípa àkókò ló wà nínú rẹ̀.

2. Kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: Igbó-Ọrà ni mò ń gbé. Ẹ sì mọ ìlú wa, ìbejì ò wọ́n níbẹ̀. Tèmi náà ti pé ọmọ ọdún méjì. Mo kàwé gboyè, mo ń ṣe fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ń yàwòrán lójoojúmọ́. Mọ̀lẹ́bí kan bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Ìbejì, tóo bá ń yàwòrán, ta ló ń wolé?" Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

3. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. Àdìrẹ ò ju oríṣi kan lọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, bẹ́ẹ̀ ó pọ̀. Oníko ni èyí tí wọ́n fi ìko so kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Alábẹ́rẹ́ ni èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán. Ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ya ọnà sí lára. Ẹlẹ́kọ yìí ni mo fẹ́ ká wò, torí yíyàwòrán gan-an ni.

4. Ẹ̀kọ wo ni wọ́n fi ń yà á? Kì í ṣe ẹ̀kọ àgbàdo o. Láfún ni. Ẹ̀gẹ́ tó kún oko wa láti Ẹ̀rúwà dé Ìgàngàn yìí náà ni! Wọ́n á ro láfún lórí iná, wọ́n á sẹ́ ẹ kó má bàa ní kókó, wọ́n á wá mú ìyẹ́ adìyẹ tàbí ọwọ̀ ìgbálẹ̀, wọ́n á máa fi yà á sórí aṣọ funfun. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yà kì í kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù là á. Orí ni ọnà náà wà, ọwọ́ ló ń gbé e jáde.

5. Tí ẹ̀kọ náà bá ti gbẹ nínú oòrùn, aṣọ náà á lọ sínú ìkòkò aró. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń sá, tí wọ́n sì ń rẹ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n á rì í bọ̀ ọ́, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í. Ibi tí ẹ̀kọ wà, aró ò ní ráyè wọ̀ ọ́ dáadáa. Tí wọ́n bá wá fọ ẹ̀kọ kúrò, ọnà á yọ.

6. Aró rírẹ ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́tipẹ́. Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ gbòde, nígbà tí aṣọ funfun olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun pọ̀ lọ́jà. Ara aṣọ yẹn tẹ́jú, ìyẹ́ lè rìn lórí rẹ̀. Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo ló lókìkí jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ wo ibi tí Ìbàràpá wà: Abẹ́òkúta ń bẹ nísàlẹ̀ wa, Ìbàdàn ń bẹ ní ìlà-oòrùn wa.

7. Ẹ wá wo aṣọ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n pín sí ojú onígun mẹ́rin, ọnà kan nínú ojú kan. Nínú Ìbàdàndùn, ẹ ó rí òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n kọ́ parí ní 1929, ẹ ó sì rí ṣíbí láàárín àwọn òpó náà. Olókun wà, Ṣùnbẹ́bẹ́ wà. Ẹyẹ, àkekèé, agbòòrùn, ewé ẹ̀gẹ́. Ohun tí ojú wọn ń rí nílé, lọ́jà àti lóko ni wọ́n ń yà.

8. Èrò tèmi rèé o: mo rò pé ojú onígun mẹ́rin yẹn bá ìgbé ayé ilé mu gan-an. Ẹ rò ó wò. Obìnrin ya ojú kan, ọmọ ké. Ó dìde, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó ro ọkà, ó bu oúnjẹ. Nígbà tó padà dé, ojú tó kàn ń dúró dè é. Kò sóhun tó bàjẹ́, kò sóhun tó gbàgbé. Tó bá jẹ́ àwòrán ńlá kan ṣoṣo ló fẹ́ yà tán lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ì bá ti sú u.

9. Kì í ṣe èmi nìkan ló ń ro irú ẹ̀ o. Ní 1970, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Judith Brown, kọ̀wé pé iṣẹ́ táwọn obìnrin sábà máa ń ṣe láwùjọ ni iṣẹ́ tó ṣe é ṣe nítòsí ilé, tí kò ní ṣe ọmọdé léṣe, tó sì ṣe é dá dúró kéèyàn tún padà sí i. Ní 1994, Elizabeth Wayland Barber mú ọ̀rọ̀ yẹn, ó fi tú ìtàn aṣọ híhun ayé àtijọ́ palẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ *Women's Work*.

10. Tiwa náà bá a mu. Òfì àwọn obìnrin, èyí tí wọ́n fi ń hun kíjìpá, òòró ló dúró, ara ògiri tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ló máa ń wà. Òfì àwọn ọkùnrin, irú èyí tó sọ Ìṣẹ́yìn tó múlé gbè wá di ìlú aṣọ òkè, gbalasa ni wọ́n ń nà á sí, òwú á gùn lọ réré. Ẹ ò rí i pé ibi tí irinṣẹ́ wà ń sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ wà nítòsí ìkòkò ọbẹ̀?

11. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé fàájì ni o. Owó ilé ni. Ní àwọn ọdún 1930, aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì wọ iṣẹ́ náà l'Ábẹ́òkúta, ọjà sì ń ṣòro. Wọ́n ní àwọn aṣọ kan ń tètè ṣá. Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de àwọn èròjà tuntun náà, àwọn aláró ò gbà, ọ̀rọ̀ di ti ìgbìmọ̀ ìwádìí ní 1936. Judith Byfield kọ gbogbo rẹ̀ sínú *The Bluest Hands*, ìwé tó jáde ní 2002. Obìnrin tó ń ya ṣíbí sórí aṣọ yẹn, òun náà ló ń bá ọba àti ìjọba fa ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

12. Ẹni tó so ayé yẹn pọ̀ mọ́ tiwa ni Màmá Nike Davies-Okundaye. Ọdún 1951 ni wọ́n bí wọn l'Ógìdì, ní ìpínlẹ̀ Kogí òde òní. Ìyá wọn kú nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ọ̀dọ̀ ìyá ńlá tó tọ́ wọn ni wọ́n ti mọ òwú àti aró. L'Óṣogbo, wọ́n jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ìyàwó ayàwòrán Twins Seven-Seven. Inú ilé elérò púpọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọnà tiwọn. Ní 1983 wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ l'Óṣogbo, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2009, ilé ọnà wọn ní Lẹ́kí ṣílẹ̀kùn.

13. Ibi tó yẹ ká ti sọ òótọ́ fúnra wa nìyí. Tí mo bá ní "àwọn ìyá wa ṣe é," ẹnì kan á gbà á lẹ́nu mi pé, "Ṣé o rí i? Wọ́n ṣe é, wọn ò ráhùn." Rárá o. Wọn ò dá a ṣe. Ẹni tó ń ya ọnà sábà máa ń yàtọ̀ sí ẹni tó ń rẹ ẹ́ sínú aró. Ọmọ iṣẹ́ wà. Agbo ilé wà: ìyálé, ìyá ọkọ, àwọn ọmọbìnrin tó ti dàgbà. Ẹnì kan ń gbé ọmọ kí ẹlòmíì tó gbé ìyẹ́ adìyẹ.

14. Ìyẹn ni ìdáhùn mi sí "ta ló ń wolé?" Láyé ìgbà náà, gbogbo ilé ló ń wolé! Àwa tí à ń gbé yàrá méjì pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ lónìí, wọ́n ti mú agbo ilé kúrò lẹ́yìn wa, wọ́n wá fi gbogbo iṣẹ́ agbo ilé sílẹ̀ sí wa lọ́rùn. Ká tó ní obìnrin ò lákíkanjú, ẹ jẹ́ ká ka iye ọwọ́ tó wà nílé.

15. Ohun kan tún ń dùn mí. Àdìrẹ wà ní British Museum àti Victoria and Albert Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ ọnà á wà níbẹ̀, orúkọ ìlú á wà níbẹ̀, orúkọ obìnrin tó yà á ò ní sí. Ó ya ojú kọ̀ọ̀kan láàárín omi ẹ̀kọ àti ẹkún ọmọ, aṣọ rẹ̀ la òkun kọjá, orúkọ rẹ̀ ò bá a lọ.

16. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé, fún ẹni tó bá wúlò fún. Mo pín ojú ewé ìwé mi sí onígun mẹ́rin mẹ́jọ. Ojú kan lójúmọ́, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí àwọn ìbejì bá sùn, mo yà á. Tí wọn ò bá sùn, mo fún wọn ní ìwé tiwọn, a jọ ń yà á. Ọjọ́ Sátidé ni mo ń ro láfún, tí mo ń gbé ọnà tó dáa jù sórí aṣọ, torí ọkọ mi wà nílé, òun ló ń mú àwọn ọmọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

17. Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ kà á dé ibí, ẹ ṣeun. Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó yín fún ìṣẹ́jú ogún lónìí. Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, tí ìyá àgbà bá ṣì wà nílé yín, ẹ ní kí wọ́n ṣí àpótí aṣọ wọn. Ẹ béèrè orúkọ ọnà tó wà lára àdìrẹ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó yà á. Tí wọ́n bá rántí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kíá, kí ilẹ̀ tó ṣú.