Easter Kì Í Ṣe Ọmọ Ishtar

Bí ọdún Àjíǹde bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ kan a máa tàn kálẹ̀ lórí WhatsApp: pé Ishtar, òrìṣà obìnrin ará Bábílónì, ni wọ́n sọ di Easter, àti pé òun ló ni ẹyin àti ehoro tí àwọn òyìnbó fi ń ṣọdún. Àwọn onígbàgbọ́ kan tilẹ̀ ti tìtorí rẹ̀ pa ọdún náà tì.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Alexander Hislop, àlùfáà ará Scotland tó kórìíra ìjọ Àgùdà, ló tan ìtàn yìí ká nínú ìwé rẹ̀, The Two Babylons, tó kọ́kọ́ jáde ní 1853. Àwọn awalẹ̀pìtàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hú àwókù Nínéfè jáde nígbà náà. Hislop rí i pé orúkọ méjèèjì dún jọra, ó sì so wọ́n pọ̀. Àmọ́ ta ni yóò gbọ́ ọkọ́ àti ọkọ̀, tí yóò ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n? Ẹbí èdè Hébérù àti Lárúbáwá ni Ishtar ti wá. Ìbátan Easter ni Ostern tí àwọn ará Jámánì ń pè é, orírun kan náà ló sì bí ọ̀rọ̀ tí èdè méjèèjì ń lò fún ìlà-oòrùn. Àfẹ̀mọ́jú ni gbòǹgbò rẹ̀.

Òótọ́ ni pé òrìṣà kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 725, àlùfáà Bede ní Jarrow kọ ọ́ pé Eosturmonath ni àwọn baba ńlá Gẹ̀ẹ́sì ń pe oṣù Ẹ́príìlì, nítorí òrìṣà wọn, Eostre. Torí pé òun nìkan ló dárúkọ rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé kan rò pé ó hùmọ̀ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní 1958, lẹ́bàá Morken-Harff ní Jámánì, wọ́n hú òkúta tó lé ní 150 jáde, tí àwọn olùjọsìn ayé àtijọ́ fín orúkọ àwọn ìyá òrìṣà kan sí lára: Matronae Austriahenae. Gbòǹgbò orúkọ Eostre náà ló wà nínú orúkọ wọn. Ẹnu Bede wá tólẹ̀ díẹ̀.

Ehoro ńkọ́? Jámánì ló ti wá. Dókítà kan níbẹ̀, Georg Franck von Franckenau, kọ nípa rẹ̀ ní 1682. Ní ti ẹyin, ìjọ kì í jẹ ẹ́ nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì láyé àtijọ́, adìẹ kò sì yéé yé e, nítorí náà ẹyin a máa pọ̀ nílẹ̀ títí di ọjọ́ Àjíǹde. Kìnnìún ni ẹranko Ishtar, kì í ṣe ehoro.

Ọdún náà gan-an sì ti wà ṣáájú orúkọ Easter. Ní nǹkan bí ọdún 155, bíṣọ́ọ̀bù Polycarp ti Smyrna lọ bá bíṣọ́ọ̀bù Anicetus ní Róòmù nítorí ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n máa ṣe é. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò tíì gbọ́ ìhìnrere, nítorí 597 ni Augustine, tó mú un wá fún wọn, tó gúnlẹ̀ sí Kent. Pascha ni àwọn Kristẹni ń pe ọdún náà nígbà ayé Polycarp, láti inú Ìrékọjá àwọn Júù. Ibẹ̀ ni Páscoa ti Brazil, Pâques ti Faransé àti påske ti Denmark ti wá. Ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 12:4, níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 fi Easter sí, Pascha yìí kan náà ló wà nínú èdè Gíríìkì. Ìrékọjá ni Bíbélì Yorùbá pè é.