Ọdún Kẹ̀kẹ́ Òrìṣà ní Ìlú Puri

Ní etí òkun, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Índíà, ni ìlú Puri wà. Lọ́dọọdún, ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, àwọn ará ibẹ̀ a máa gbé òrìṣà mẹ́ta jáde kúrò nínú tẹ́ḿpìlì ńlá wọn: Jagannath, Balabhadra ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti Subhadra àbúrò wọn obìnrin. Kẹ̀kẹ́ igi ràgàjì mẹ́ta ni wọ́n ń kàn ní tuntun fún wọn. Ti Jagannath ní ẹsẹ̀ 16, ti Balabhadra 14, ti Subhadra 12. Kí wọ́n tó gbéra, ọba Puri tìkára rẹ̀ a mú ìgbálẹ̀ oníwúrà, a sì gbá ilẹ̀ kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí bí ìránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fi okùn fà wọ́n dé tẹ́ḿpìlì Gundicha.

Ní ọdún 1806, àlùfáà Claudius Buchanan wo ọdún yìí, ó sì kọ̀wé pé ọkùnrin kan dùbúlẹ̀ sí abẹ́ kẹ̀kẹ́ nítorí òrìṣà. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀, títí orúkọ Jagannath fi di orúkọ ohun atẹnipa lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1872, W. W. Hunter, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ pé irú ikú bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, àti pé jàǹbá àárín èrò ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù.

Ohun tí ẹnìkan ṣe lọ́jọ́ kan kì í ṣe àṣà ìlú. Àwa tí àlejò ti kọ ìtàn àwọn baba wa rí mọ bí èyí ti ń dun ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, bí a bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a wádìí kí a tó dájọ́.