Láti Ìkòkò Omi sí Ìkòkò Igi Aràrá: Ìtàn Ìmọ̀kòkò Ọwọ́ ní Agbègbè Kàdúná

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ ìmọ̀kòkò ọwọ́ ní agbègbè Kàdúná láti ayé àwọn ará Nok títí di òní. Ó sì wo ọ̀nà tuntun kan tí iṣẹ́ náà lè gbà, ìyẹn ni mímọ ìkòkò tí a ń gbin igi aràrá sí, irú igi tí àwọn ará Jàpáàn ń pè ní bonsai. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe ìmọ̀ ni ó wọ́n àwọn amọ̀kòkò wa. Iṣẹ́ tí ìkòkò ń ṣe nínú ilé ni ike àti páànù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a kò bá wá iṣẹ́ mìíràn fún ìkòkò, ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n mọ yóò kú, ẹ̀kọ́ ọwọ́ náà yóò sì bá a lọ.

Ìfáárà

Bonsai kì í ṣe ẹ̀yà igi kan. Igi bí igi ni, èyí tí a ń gé gbòǹgbò àti ẹ̀ka rẹ̀ lóòrèkóòrè, tí a sì sé mọ́ inú ìkòkò pẹlẹbẹ kí ó má baà ga, ṣùgbọ́n tí ìrísí rẹ̀ yóò jọ ti àgbà igi inú igbó. Ṣáínà ni àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀, Jàpáàn ni ó ti gbòòrò dé ibi tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Orúkọ rẹ̀ gan-an sọ bí ìkòkò ti ṣe pàtàkì tó: "bon" ni àwo pẹlẹbẹ, "sai" sì ni ohun gbígbìn. Bí a bá yọ igi náà kúrò nínú àwo, kì í ṣe bonsai mọ́.

Igi tí ó bá iṣẹ́ yìí mu kò jìnnà sí wa. Ọdán gbà á, nítorí ìdílé rẹ̀ wà lára àwọn igi tí àwọn olùgbin bonsai ń lò jù ní ilẹ̀ olóoru. Osè gbà á, nítorí ìdí rẹ̀ máa ń sanra láti kékeré. Àjàgbọn náà gbà á, àwọn ará Íńdíà sì ti ń lò ó bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ni ó ń hù ní ilẹ̀ Hausa àti ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìbéèrè tí ó kù ni ti ìkòkò. Láti dáhùn rẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ọwọ́ àwọn ènìyàn agbègbè yìí ti fi amọ̀ ṣe kí ìlú Kàdúná tó wà rárá.

1. Amọ̀ ṣáájú ìlú

Ìlú Kàdúná kò tíì pẹ́. Ọdún 1917 ni ìjọba amúnisìn gbé olú-ìlú Àríwá Nàìjíríà kúrò ní Zungeru wá sí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀ tí ó yí ìlú náà ká ti gba ọwọ́ ènìyàn tipẹ́tipẹ́. Nok, abúlé tí a fi orúkọ rẹ̀ pe àṣà àtijọ́ tí gbogbo ayé mọ̀, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Jaba ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Àwọn awakùsà tánńganran ni wọ́n kọ́kọ́ hú ère amọ̀ jáde níbẹ̀ ní ọdún 1928. Ní ọdún 1943, wọ́n rí orí amọ̀ mìíràn ní ẹ̀bá Jema'a, èyí tí ẹnì kan ti gbé kọ́ sí oko iṣu láti fi lé ẹyẹ kí ó tó dé ọwọ́ Bernard Fagg, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn tí ó sọ àṣà náà ní Nok.

Àwọn ère wọ̀nyí ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Ohun tí ó kan iṣẹ́ wa lára wọn ni bí a ṣe ṣe wọ́n. Wọ́n ní ihò nínú, ara wọn kò nípọn jù, a sì fi òkúta tàbí igi dán ojú wọn. Ẹni tí ó bá ti mọ ohun ńlá láti inú amọ̀ rí yóò mọ ìdí rẹ̀: amọ̀ tí ó bá nípọn jù máa ń fọ́ nínú iná. Àwọn tí wọ́n mọ ère Nok ti mọ àṣírí yìí. Òun náà ni gbogbo ìkòkò tí ó tẹ̀lé e dúró lé.

2. Ọwọ́ àwọn obìnrin

Àwọn Gbagyi, tí àwọn Hausa ń pè ní Gwari, wà lára àwọn onílẹ̀ agbègbè Kàdúná. Obìnrin wọn ni amọ̀kòkò. Èjìká ni wọ́n fi ń ru ẹrù, kì í ṣe orí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń ru ìkòkò wọn lọ sí ọjà. Wọn kì í lo kẹ̀kẹ́ ìmọ̀kòkò. Amọ̀kòkò á gbé ìṣù amọ̀ kalẹ̀, á fi ọwọ́ fà á sókè, á máa fi amọ̀ tí ó ti lọ́ bí okùn kún un, á sì máa yí i ká bí ó ti ń mọ ọ́n. Ìkòkò náà dúró jẹ́ẹ́. Ènìyàn ni ó ń yí. Lẹ́yìn náà ni ó máa fi igi kékeré tí a gbẹ́ ṣe ọnà yípo ara rẹ̀, tàbí kí ó fín alángbá, àkekèé, ọ̀gà, ẹja àti ọ̀nì sí i.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní Òkelele ní Ìlọrin, ìdí ìkòkò àtijọ́ tí a dojú rẹ̀ dé ni àwọn ìyá ń tẹ́ amọ̀ lé láti fi mú ìdí ìkòkò tuntun. Ní Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Yewa, Àbàtàn mọ ìkòkò òrìṣà tí ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, Robert Farris Thompson, kọ ìwádìí lé lórí ní ọdún 1969. Ìyá Màpó sì ni òrìṣà tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ìmọ̀kòkò wà lára rẹ̀. Bí ìkòkò bá ti inú iná jáde, àwọn ìyá Ìlọrin máa ń fi omi tí wọ́n sè láti ara èèpo èso igi irú wọ́n ọn kí ara rẹ̀ lè dì kí ó sì pọ́n. Àwọn Gbagyi náà ń lo omi yìí. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé láti Kàdúná ni a ti ń ṣe ìjọba lé Ìlọrin lórí títí di ọdún 1967 tí a dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Ẹkùn kan náà ni àwọn amọ̀kòkò méjèèjì wà.

3. Bí ọwọ́ Jàpáàn ṣe kan ọwọ́ Gbagyi

Ibí yìí ni ìtàn ti yà sí ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Bernard Leach, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí Jàpáàn ní ọdún 1909, ó sì kọ́ ìmọ̀kòkò níbẹ̀. Ní ọdún 1920, òun àti Hamada Shoji dá ibi ìmọ̀kòkò sílẹ̀ ní St Ives ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Michael Cardew lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ní ọdún 1923. Lẹ́yìn tí Cardew ti ṣiṣẹ́ ní Achimota àti ní Vume ní Gánà, ìjọba mú un wá sí Nàìjíríà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ibi ìkọ́ṣẹ́ ìmọ̀kòkò ní Àbújá ní ọdún 1952. Ìlú tí à ń pè ní Suleja lónìí ni Àbújá ìgbà náà.

Ohun tí Cardew mú wá ni kẹ̀kẹ́, ààrò ńlá tí ó ń jẹ igi, àti ìbòra dídán bí dígí tí ó fi òkúta àti eérú pò. Iná ìta gbangba tí àwọn ìyá wa fi ń sun ìkòkò kì í sábà gbóná kọjá 900°C. Ààrò Cardew ń súnmọ́ 1,300°C, amọ̀ á sì le nínú rẹ̀ bí òkúta, omi kò ní lè gba ara rẹ̀ kọjá mọ́.

Ṣùgbọ́n ìkòkò tí ó sọ Àbújá di ìlú olókìkí kò ti orí kẹ̀kẹ́ wá. Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi láti ìlú Kwali, ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ tí ó kọ́ lọ́dọ̀ àbúrò òbí rẹ̀ kí Cardew tó dé. Ààfin Emir Àbújá ni Cardew ti rí ìkòkò rẹ̀. Ó dara pọ̀ mọ́ ibi ìkọ́ṣẹ́ náà ní ọdún 1954, ó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ mọ ọ́n bí ó ti máa ń mọ ọ́n, ó ń fín alángbá àti ọ̀nì sí i bí ó ti máa ń fín in. Ààrò àti ìbòra dídán nìkan ni ó yàtọ̀. Halima Audu, Asibi Ido, Kande Ushafa àti Lami Toto tẹ̀lé e. Fásitì Ahmadu Bello ní Zaria fún Ladi Kwali ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá ní ọdún 1977. Ó kú ní ọdún 1984. Àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà.

Iṣẹ́ náà kò tán sí Àbújá. Danlami Aliyu, tí ó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ṣe ìkòkò ní Maraba nítòsí Kàdúná, ibi ìmọ̀kòkò Jacaranda náà sì wà ní agbègbè ìlú yìí. Nítorí náà, ìmọ̀ tí ó ti Jàpáàn gba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá pàdé ọwọ́ Gbagyi ti dé ẹnu ọ̀nà Kàdúná tipẹ́. Ẹni tí ó bá ní ìkòkò bonsai jẹ́ àjèjì pátápátá síbí kò tíì ka ìtàn yìí.

4. Ohun tí igi aràrá ń béèrè lọ́wọ́ ìkòkò

Ìkòkò omi àti ìkòkò igi kò gba ìlànà kan náà. Ìkòkò omi tí ó bá ń jò ti bàjẹ́. Ìkòkò igi tí kò bá jò yóò pa igi. Ó gbọ́dọ̀ ní ihò ńlá nísàlẹ̀ tí omi yóò gbà jáde, àti ihò kékeré tí a óò fi wáyà so igi mọ́lẹ̀. Ìdí ìkòkò omi rí roboto, a máa ń gbé e lé òṣùká tàbí inú iyanrìn. Ìdí ìkòkò igi tẹ́jú, ó sì ní ẹsẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. A kì í fi ìbòra dídán kan inú rẹ̀. Àwọn àgbà iṣẹ́ ní Jàpáàn ní kí gígùn ìkòkò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta gíga igi, kí jíjìn rẹ̀ sì ṣe déédé pẹ̀lú sísanra ìdí igi.

Títẹ́jú yìí ni ìṣòro. Amọ̀ máa ń sún kì bí ó bá ń gbẹ, yóò tún sún kì nínú iná. Ìkòkò roboto ń sún kì dọ́gba. Èyí tí ó tẹ́jú a máa wọ́, igun rẹ̀ a sì máa là. Oògùn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí amọ̀kòkò: kí a lọ àpáàdì tàbí kí a mú iyanrìn pò mọ́ amọ̀, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, a gbọ́dọ̀ fi ọ̀rá bò ó, torí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ìgbà náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ojú ọjọ́ tún dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀. Ní Jàpáàn, òtútù ni ọ̀tá ìkòkò: omi tí ó bá wọ ara rẹ̀ á di yìnyín, á sì là á. Kàdúná kò ní yìnyín, ọyẹ́ ni ó ní. Ara ìkòkò tí a sun ní ìta gbangba máa ń mí. Ìyẹn ni ó fi ń mú omi tutù fún wa. Ṣùgbọ́n mímí yìí kan náà yóò gbẹ ilẹ̀ inú ìkòkò pẹlẹbẹ kí ọjọ́ tó rọ̀. Fún oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, ìkòkò tí a sun nínú ààrò gbígbóná ni ó dára jù. Ní àsìkò òjò, èyí tí a sun ní ìta gbangba dára fún gbòǹgbò. Nítorí náà, iṣẹ́ wà fún àwọn ìyá tí kò ní ààrò, ó sì wà fún àwọn tí ó ní in.

5. Ta ni yóò rà á?

Ìtàn Àbújá kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan tí kò dùn. Cardew fẹ́ kí àwọn ará ìlú máa lo ohun tí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó àti àwọn ọlọ́lá ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ń rà á. Nígbà tí irú àwọn olùrà bẹ́ẹ̀ dín kù, ọjà dín kù. Nínú ilé àwọn tí kò rí i rà, páànù àti ike ti gba ipò àmù. A kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ike fúyẹ́, kì í sì í fọ́.

Àwọn ohun tí igi nílò nìkan ni ike kò lè fún un bí amọ̀ ti lè fún un. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá gba ẹ̀bá títì kọjá ní Kàdúná, níbi tí wọ́n ti ń ta òdòdó, yóò rí igi nínú ọ̀rá dúdú, nínú ike, àti nínú ìkòkò sìmẹ́ńtì. Olùrà wà, igi wà, amọ̀ wà, ọwọ́ wà. Ẹni tí yóò so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ni kò tíì wá.

Àgbálọgbábọ̀ àti àbá

Yorùbá ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìdí ti gbóná fún àwọn amọ̀kòkò wa tó. Ó yẹ kí wọ́n rí ata jẹ. Àbá mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí mú wá.

Àkọ́kọ́, kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni pe àwọn ìyá amọ̀kòkò wá gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, kí a sì san owó olùkọ́ fún wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ọwọ́ mọ ìkòkò pẹlẹbẹ kan, tí ó sun ún, tí ó sì gbin ọdán sí i, ti kọ́ ìtàn, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti iṣẹ́ òòjọ́ pọ̀.

Èkejì, kí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà àti ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn jọ ṣiṣẹ́, nítorí amọ̀kòkò kò lè mọ ohun tí gbòǹgbò ń fẹ́ bí kò bá bá ẹni tí ń gbin igi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí amọ̀kòkò kọ orúkọ rẹ̀ sí ìdí ìkòkò. Ní Jàpáàn, òǹtẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ìkòkò bonsai wà lára ohun tí olùrà ń wò kí ó tó dá iye lé e. Ní ilẹ̀ wa, ìkòkò àwọn ìyá wa wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ọ̀pọ̀ ni kò ní ju orúkọ ẹ̀yà lọ lára ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀: "Gbagyi", "Yorùbá". Ẹ̀yà kì í mọ ìkòkò. Ènìyàn ni ó mọ ọ́n, ó sì ní orúkọ.