Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó Aṣojú Ẹ̀rọ: Àpèjúwe Irinṣẹ́ Nídìí Fáìlì Ìpamọ́

"Gbé e síbẹ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ta kókó. Bí mo bá ní kí ọmọ gbé ìwé kan láti orí tábìlì lọ sínú àpótí, tó débẹ̀ tó bá ìwé mìíràn tó ní àkọlé kan náà, yóò pa dà wá bi mí. Ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà, ibi tí ẹrù wà ló ń sọ ohun tí "gbé" jẹ́. Lórí Linux, àṣẹ mv máa ń gbé fáìlì lọ. Bí olórúkọ rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀, yóò rọ́pò rẹ̀ láìbéèrè, àyàfi tí èèyàn bá kọ́kọ́ ní kó máa béèrè. Lórí Google Drive, fáìlì méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè wà nínú fódà kan ṣoṣo, nítorí àmì ìdánimọ̀ ni Drive fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀, kì í ṣe orúkọ. Nínú S3, ibi ìpamọ́ Amazon tó ti wà láti 2006, ohun tí ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ń pè ní "gbé" ni pé kí wọ́n ṣe ẹ̀dà síbòmíràn, kí wọ́n sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Bí iṣẹ́ bá já lágbede méjì, ẹ̀dà méjì lè kù nílẹ̀. Kódà, fódà tí a rò pé a rí níbẹ̀ kì í sábà ṣe fódà. Ara orúkọ fáìlì ni.

Aṣojú ẹ̀rọ, ìyẹn AI tí a yọ̀ǹda fún láti máa fi irinṣẹ́ ṣiṣẹ́, kì í sábà rí ètò kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn irinṣẹ́ náà. Nínú MCP, ìlànà ìsopọ̀ AI mọ́ irinṣẹ́ tí Anthropic gbé jáde ní oṣù kọkànlá 2024, olórí ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni orúkọ irinṣẹ́, àpèjúwe rẹ̀, àti àlàyé ohun tí yóò fi ránṣẹ́ sí i. Síbẹ̀, bí ẹni ń lẹ orúkọ mọ́ ara ìgò ni ọ̀pọ̀ ṣe ń kọ àpèjúwe: "Ó ń gbé fáìlì." Ohun tí irinṣẹ́ ń ṣe nígbà tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé ni wọ́n kọ. Èrò tèmi ni pé apá yẹn ló wúlò kéré jù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí orúkọ bá forí gbárí, ibi tí agbára irinṣẹ́ dé, àti ohun tí kò ṣeé dá pa dà mọ́ ló yẹ kó gba ìlà tó pọ̀ jù.

Àwọn kan á ní módẹ́ẹ̀lì òde òní ti gbọ́n, pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ti tó o. Òwe yẹn dára, ṣùgbọ́n ilé kan náà ni ọmọlúwàbí inú rẹ̀ àti ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ jọ ń gbé. Ó mọ ìṣe ilé, ìyẹn ló ṣe lè sọ ààbọ̀ di odindi. Módẹ́ẹ̀lì ti kà nípa ẹgbàágbèje ilé, kò gbé inú tìrẹ rí. Ìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó kà ni yóò fi dí àlàfo náà. Bó bá ṣe gbọ́n tó ni àṣìṣe rẹ̀ ṣe máa ń dà bí òótọ́ tó.

Ẹ wo irinṣẹ́ tó ń to orúkọ fáìlì inú S3. Ẹgbẹ̀rún kan, ìyẹn 1,000, ni S3 ń mú wá lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú àmì pé ó kù. Bí irinṣẹ́ náà bá gbé àmì yẹn mì, tí àpèjúwe rẹ̀ sì dákẹ́, aṣojú yóò ròyìn pé fáìlì 1,000 péré ló wà, láìṣẹ́jú.

Ti orúkọ Yorùbá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ẹnìkan kó orin odò Ọ̀ṣun pamọ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ yẹn nìkan, ó kéré tán ọ̀nà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ọ́: Ọ tó ti ní àmì abẹ́ tẹ́lẹ̀, kí a wá fi àmì ohùn lé e, Ò tó ti ní àmì ohùn, kí a wá fi ti abẹ́ sí i, tàbí O lásán tí a fi àmì méjèèjì kún. Ojú èèyàn kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Irinṣẹ́ tí kì í sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó wá fáìlì yóò ní kò sí. Àwọn tó ń fa ìlà kékeré sí abẹ́ lẹ́tà dípò kí wọ́n fi àmì róbótó sí i tún dá tiwọn sílẹ̀, nítorí ìlànà ìṣọ̀kan Unicode kò ka ìyẹn mọ́ ti àwọn tó kù. Bí a bá sì ní kí a bọ́ gbogbo àmì dànù, "Osun" yóò kó fáìlì osùn tí à ń fi kunra mọ́ ti odò.

Àtakò tó lágbára ni pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ ń gba àyè lórí módẹ́ẹ̀lì, ó sì ń náni lówó. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ kí gbogbo irinṣẹ́ ní ìwọ̀n àlàyé kan náà. Ti kíkà fáìlì lè jẹ́ ìlà kan. Ti píparẹ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹta 2025 ni MCP ti ní àmì tó ń sọ bóyá irinṣẹ́ lè ba nǹkan jẹ́, bí ẹni tó kọ ọ́ bá sì dákẹ́, ìlànà náà gbà pé ó lè bà á jẹ́. Mo fẹ́ràn ìfura yẹn. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni àmì náà mọ. Kò lè sọ pé ohun tó bọ́ sínú àpótí ìdọ̀tí Drive ṣì wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, tàbí pé nínú S3 tí wọn kò ṣètò kó máa pa ẹ̀dà àtijọ́ mọ́, ohun tó lọ ti lọ. Ọ̀rọ̀ inú àpèjúwe nìkan ló lè sọ ìyẹn.

Bí èmi yóò ṣe kọ àpèjúwe irinṣẹ́ tó ń wá fáìlì alórúkọ Yorùbá rèé: "Orúkọ fáìlì nìkan ló ń wá, kì í wo inú rẹ̀. Ó ń sọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí à ń gbà kọ lẹ́tà alámì di ọ̀kan, ṣùgbọ́n kì í bọ́ àmì: 'Osun' kò ní mú 'Ọ̀ṣun' jáde. Orúkọ àádọ́ta ló ń mú wá lẹ́ẹ̀kan. Bó bá kù, yóò sọ. Bí kò bá rí nǹkan kan, má sọ pé fáìlì náà kò sí láìjẹ́ pé o kọ́kọ́ wá a láìfi àmì sí i, bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́." Bí wọ́n bá ní kí n gé e kù sí gbólóhùn kan, èyí tó kẹ́yìn yẹn ni n óò dá sí.