Àwọn olóko kòkó Agége àti ojú tí wọ́n fi wò wọ́n

Àwọn oníṣòwò Èkó tí ọjà kú mọ́ lórí ni wọ́n kọ́kọ́ sọ igbó Agége di oko kòkó. Lẹ́yìn 1880, owó epo pupa àti èkùrọ́ ń já wálẹ̀ nílẹ̀ Òyìnbó, gbèsè sì ń wọ àwọn tó ń kó o ránṣẹ́ lọ́rùn. J.P.L. Davies, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tí òwò rẹ̀ ti dojú dé ṣáájú ìgbà náà, gbin kòkó sí Ìjọn nítòsí Agége ní nǹkan bí 1880. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. J.K. Coker ti Ìfàkọ̀ ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn.

Ẹni tó bá gbin kòkó yóò bọ́ lébìrà fún ọdún bíi mélòó kan kí igi tó so. Bó bá so tán, wọ́n á la á, wọ́n á kó hóró rẹ̀ tó ń yọ̀ jáde, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó títí yóò fi kan, kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Hóró tí kò kan dáadáa kì í pa owó gidi. Ní 1907, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olóko Agége sílẹ̀, ìmọ̀ yìí sì ń ti ọwọ́ wọn dé oko àwọn ẹlòmíràn.

Coker kan náà wà lára àwọn tó bínú kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's, Breadfruit, ní 1901 nítorí ọ̀rọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, tí wọ́n sì dá African Church sílẹ̀, ìjọ tí kò lé ọkùnrin aláya púpọ̀. J.B. Webster, onímọ̀ ìtàn, fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 pé oko àti ìjọ kò ṣeé yà sọ́tọ̀: oníwàásù ń tan ìhìn rere àti kòkó kálẹ̀ pọ̀, lébìrà tó wá ṣiṣẹ́ ní Agége sì ń gbé irúgbìn padà sílé. Lójú ará ìlú, baba ìjọ, onílẹ̀ àti ọ̀gá òṣìṣẹ́ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ìjọba àmúnisìn kò rí i bẹ́ẹ̀; ọgbọ́n ara wọn ni wọ́n ka ìtànkálẹ̀ kòkó sí. A.G. Hopkins, onímọ̀ ìtàn mìíràn, ló tú èyí palẹ̀ ní 1978: àwọn ọmọ ilẹ̀ ló fi owó ara wọn dán an wò, àwọn ló sì jẹ àdánù rẹ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ló dá padà fún wọn. Nígbà tí owó kòkó wó lulẹ̀ lẹ́yìn 1920, ọ̀pọ̀ olóko Agége ni gbèsè bá. Obì gbànja ló rọ́pò kòkó, rélùwéè sì ń gbé e lọ sókè Ọya fún àwọn oníṣòwò Hausa.

Ojú mìíràn tún wà tí wọ́n fi wo àwọn ọmọ ilẹ̀ tó dá iṣẹ́ sílẹ̀. Peter Kilby, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, tẹ ìwé kan jáde ní 1965 lórí àwọn oníbúrẹ́dì Nàìjíríà, iṣẹ́ tí Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè, sọ di òwò ńlá láti 1921. Kilby rí i pé àwọn onílé-búrẹ́dì tètè ń rí àǹfààní, ṣùgbọ́n àbójútó òṣìṣẹ́ àti ẹ̀rọ ń yọ wọ́n lẹ́nu. Òótọ́ wà níbẹ̀ fún ilé búrẹ́dì tó wò. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ìdájọ́ gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí tó dá iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí Coker àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kó lébìrà jọ láti ìlú oríṣiríṣi, wọ́n sì ti bójú tó wọn, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ilé iṣẹ́ kan sí Ìkẹjà.