Àlejò láti Ìsálú Ọ̀run tó Kọjá Nítòsí Ọ̀yìngbò

Àwọn àgbà ní ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnìkan kò wá. Bí a bá fi ojú ìtàn wò ó, ọjà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ẹni tó wá pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977, àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún FESTAC. Gbọ̀ngàn Ìṣeré tó wà ní Ìgànmú, tí kò jìnnà sí Ọ̀yìngbò, ni ojúkò àjọ̀dún náà. Lára àwọn àlejò ni Sun Ra àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Arkestra. Ọmọ Alabama ní Amẹ́ríkà ni, ṣùgbọ́n ó ní òun kì í ṣe ará ayé, pé láti Saturn ni òun ti wá.

Láti nǹkan bí ọdún 1958 ni Marshall Allen ti ń fọn sáksófóònù nínú ẹgbẹ́ yìí. Ọdún 1924 ni wọ́n bí i, òun ló sì ń darí ẹgbẹ́ náà láti ọdún 1995. Ní oṣù kejì ọdún 2025, lẹ́yìn tí ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó gbé New Dawn jáde, àwo àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti orúkọ ara rẹ̀.

Àwọn lámèyítọ́ gbóríyìn fún un. Bẹ́ẹ̀, láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ka aṣọ dídán àti ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ ẹgbẹ́ yìí sí àwàdà lásán. Lónìí ẹ̀wẹ̀, ọjọ́ orí Allen ni púpọ̀ nínú ìyìn náà dá lé. Ìyìn ọjọ́ orí kì í ṣe ìyìn orin. Ohun tó yẹ kí a gbọ́ ni pé ẹni tó máa ń mú kí fèrè ké tantan ti wá ń fi pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, pàápàá nínú orin tí Neneh Cherry bá a kọ.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ Saturn rú Yorùbá lójú. Ará ọ̀run ni à ń pe egúngún. Kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ìwé ìrìnnà. Bó ṣe jó àti bó ṣe sọ̀rọ̀ la fi ń díwọ̀n rẹ̀. A tún ń wí pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ọmọ ẹrú tí òfin Alabama kò fún láyè lórí ilẹ̀ náà wá ilé sí ojú ọ̀run.

Kí ló dé tí a kò fi rántí wọn? Fẹlá, afọnsáksófóònù tiwa, kọ̀ láti kópa nínú FESTAC. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí, ní 18 oṣù kejì, àwọn ológun dáná sun Kalakuta. Iná yẹn ni ìtàn Èkó rántí jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sunkún ilé tó jó lè gbàgbé àlejò tó kí i lánàá.

Orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni gbọ̀ngàn náà ń jẹ́ báyìí. Orin kan wà nínú àwo Allen tó ń jẹ́ African Sunset. Ẹ jẹ́ kí àwa náà gbọ́ ọ, kí a sì fi èdè wa ṣe lámèyítọ́ rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ àwọn tó wà lókèèrè nìkan ni yóò máa sọ fún wa irú àlejò tó gba ẹ̀gbẹ́ ọjà wa kọjá.